Dífù tuntun ti wọ ìdí BMW mi

Ẹ bá mi yọ̀ o! Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní Òkè-Fíà, a yọ dífù àtijọ́, ìyẹn àpótí irin tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, nídìí BMW 325i mi ti ọdún 1993, a sì fi irú dífù tí wọ́n ń pè ní limited-slip rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó bá ti wa irú ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í nínú ẹrẹ̀ Òṣogbo yìí á mọ ohun tí ojú mi ti rí. Táyà kan á máa yí lásán, èkejì tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ á dúró gbagidi. Limited-slip ní àwọn àwo irin pẹlẹbẹ nínú tó ń fún mọ́ra, kí táyà méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́.

Tòkúnbọ̀ ni mo rà. Lẹ́tà S tó ṣáájú nọ́ńbà lára rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá, torí òun ni àmì limited-slip.

Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ká tó tú ti ìsàlẹ̀. Tí a bá da ọ́ìlì nù tán tí tòkè wá kọ̀ tí kò tú ńkọ́? Ọ́ìlì àtijọ́ náà dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

A dè é tán, ọkọ̀ ṣì wà lókè. Ọ̀gá ní, “Àbúrò, yí táyà ọ̀tún.” Mo yí i síwájú. Ti òsì náà yí síwájú! Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń yí sí. Mo pariwo débi pé ìyá ẹlẹ́kọ òdìkejì dìde wá wò wá.

Òjò rọ̀ lálẹ́. Mo gba ibi tí mo há sí lóṣù tó kọjá. Ó gùn ún lọ wẹ́rẹ́.