Adágún Méjì, Tíkẹ́ẹ̀tì Kan

Ẹni tó bá fi Munich, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ṣe ibùwọ̀ ní àkókò ìsinmi, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin jáde láàárọ̀ tó sì ń padà wá sùn lálẹ́, kò ní pẹ́ gbọ́ nípa Bayern-Ticket, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan fún ìpínlẹ̀ Bayern tí Munich wà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, èèyàn tó tó 5 ló sì lè jọ lò ó. Bí èèyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó rẹ̀ ń fò díẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá pín owó náà, ẹ ó rí i pé ó sàn ju kí kálukú dá tirẹ̀ rà. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, aago 9 àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, títí di aago 3 òru ọjọ́ kejì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, láti aago 12 òru ni. Ọkọ̀ agbègbè nìkan ló wà fún. Ẹ má gbé e wọ ICE, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tó ń lọ sọ́nà jíjìn, o, kódà kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ níwájú yín.

Ibi tó ti máa ń dà rú ni “jọ” yẹn. Ẹni tó bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀gbẹ́ni inú ìtàn yìí ní Bàbá Ìbejì, torí irú rẹ̀ pọ̀ lójú irin. Òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì ti London wá sinmi, wọ́n sì fẹ́ lọ sí Tegernsee, lẹ́sẹ̀ òkè Alps. Bíi wákàtí kan ni ìrìn àjò náà láti Munich. Adágún ńlá wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi wà, ilé ọtí tó lókìkí sì wà nínú ilé tí àwọn mọ́ńkì ń gbé láyé àtijọ́. Ìyá Ìbejì ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, ló kọ orúkọ sí i, ló tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì.

Ibùdókọ̀ Munich fúnra rẹ̀ a máa tan àlejò. Apá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Holzkirchner Flügelbahnhof, pèpéle 5 sí 10. Tegernsee rèé, Holzkirchen lèèyàn ń gbà débẹ̀, ta ni kò ní sáré lọ síbẹ̀? Kì í ṣe ibẹ̀. Odì kejì ni, ní Starnberger Flügelbahnhof, láàárín pèpéle 27 sí 36. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ nìkan. Àwọn wọ̀nyí ṣìnà lọ, wọ́n ṣìnà bọ̀, síbẹ̀ ó ku ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọkọ̀ gbéra. Bàbá Ìbejì wá ní òun fẹ́ ra bretzel, búrẹ́dì Jámánì tí wọ́n lọ́ bí okùn.

“Ẹ má pẹ́ o,” ni Ìyá Ìbejì wí. Ó kó àwọn ọmọ, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀, wọ́n sì wọlé.

Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ọkọ̀ kan. Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú ni wọ́n so mọ́ra: ọ̀kan ń lọ sí Bayrischzell, ọ̀kan ń lọ sí Lenggries, ọ̀kan ń lọ sí Tegernsee. Bí wọ́n bá dé Holzkirchen, ti Bayrischzell yóò já, yóò bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjì tó kù yóò jọ dé Schaftlach, kí wọ́n tó pínyà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá awakọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, nítorí náà ẹ ò lè gba inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Munich sì jẹ́ ibi tí irin ti pin, tó fi jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ lẹni tó bá ń bọ̀ láti inú ọgbà máa kọ́kọ́ bá. Ìdí ọkọ̀ náà lẹni tó ń kánjú máa ń wọ̀.

Bàbá Ìbejì dé pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́ ọ̀tún, bretzel lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀kùn ti ń ké pé òun fẹ́ pa dé. Èyí tó kọ́kọ́ bá ló kó sí. Ó rìn lọ síwájú títí, ó bá ilẹ̀kùn awakọ̀ tí wọ́n tì pa. Ó fóònù ìyàwó rẹ̀ pé òun ti wà nínú ọkọ̀, ọ̀nà ni kò já, káwọn pàdé ní Tegernsee. Ó jókòó.

Wọ́n kéde lédè Jámánì. Orúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń wà nínú ìkéde yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ tirẹ̀. Ó gbọ́ “Tegernsee”, ó mi orí, ó bu bretzel jẹ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbọ́ ni vorderer Zugteil, ìyẹn apá iwájú, àti hinterer Zugteil, ìyẹn apá ẹ̀yìn. Ọkọ̀ dúró díẹ̀ ní Holzkirchen, ó mì, ó tún gbéra.

Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wọlé.

“Ó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.”

“Níbo ni ìyàwó yín wà?”

“Ó wà níwájú.”

Ọkùnrin náà bojú wo iwájú. “Awakọ̀ nìkan ló wà níwájú.”

Fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ìtanràn jẹ́ 60 yúrò. Ọkùnrin náà tiẹ̀ dárúkọ Bayrischzell fún un lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ Bàbá Ìbejì rò pé orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tóun dá ni.

Ọ̀nà Bayrischzell gba Schliersee kọjá, Schliersee náà sì ní adágún, òkè ńlá àti ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀. Bó ṣe rí omi ló sọ̀ kalẹ̀.

“Mo ti dé o. Etí adágún ni mo wà.”

“Etí adágún làwa náà wà. A ò rí yín.”

“Mò ń wo ọkọ̀ ojú omi kan tó ń bọ̀.”

“Èmi náà ń wò ó. Ẹ juwọ́.”

“Mò ń juwọ́!”

“Ẹ ju méjèèjì.”

Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì juwọ́ padà sí i. Ọmọ kan ló là á níkẹyìn: “Mọ́mì, ẹ ní kí Dádì ka orúkọ tó wà lára ibùdókọ̀.”

Kò sí irin tó gba orí òkè láti adágún kan dé èkejì. Ẹ ní láti padà sí Holzkirchen, kí ẹ sọ̀, kí ẹ rìn lórí pèpéle dé apá tí wọ́n kọ Tegernsee sí lára, kí ẹ tó wọlé. Ó lé ní wákàtí kan dáadáa, ká má tíì ka dídúró de ọkọ̀. Kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, torí ọkùnrin àárọ̀ yẹn lè tún wà níbẹ̀. Ká ní ní Holzkirchen lẹ́ ti fura pé apá tẹ́ ẹ wọ̀ kì í ṣe tiyín, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń dúró níbẹ̀ tó láti sáré bọ́ sí èyí tó tọ́. Kò tó láti ra kọfí.

Nígbà ìpadàbọ̀ lálẹ́, ìpínyà yẹn yóò yí padà: Lenggries àti Tegernsee yóò pàdé ní Schaftlach, Bayrischzell yóò dara pọ̀ mọ́ wọn ní Holzkirchen, gbogbo wọn ló sì ń lọ sí Munich. Ilẹ̀kùn tó bá wù yín lẹ lè gbà. Síbẹ̀, Bàbá Ìbejì bi èèyàn mẹ́ta léèrè bóyá Munich ni apá yìí ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ ni ẹnì kẹta.