Ọmọ tí a rán níṣẹ́

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́jọ ní oṣù kẹta. Manchester la bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń lọ sí iléèwé, ìwé kíkà kò sì fi ibì kankan jẹ́ wàhálà rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni tíṣà ń ki ìwé sí i nínú báàgì, ìwé tí wọ́n fi àwọ̀ ṣàmì sí kí a lè mọ ibi tí ọmọ kà dé. Láìbìrì àdúgbò wa náà wà ńbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń kó mẹ́fà wálé lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń dà mí láàmú yàtọ̀. Nínú gbogbo àwọn ọmọkùnrin tó ń bá pàdé nínú àwọn ìwé náà, agbára káká ni mo fi rí ẹyọ kan tí ìyá rẹ̀ wà nílé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lọ wò ó. Ìyá ọ̀kan ti kú. Ti èkejì wà ní ìlú mìíràn. Ẹ̀kẹta wà ní iléèwé tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ̀kẹrin bá ara rẹ̀ ní erékùṣù tí kò sí àgbàlagbà kan ṣoṣo. Àfi bíi pé ẹni tó fẹ́ kọ ìwé fọ́mọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá àgbàlagbà kúrò nílẹ̀ kí ọmọ tó ráyè rìn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a dé ojú ewé kejì ìwé tuntun, ìyá tún ti kú. Mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ta ló ń pa àwọn obìnrin wọ̀nyí gan-an?" Ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé bí ìyá bá wà ńlé, ṣebí á kàn ní kó má lọ ni, ìtàn á sì parí síbẹ̀.

Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi gan-an ni ìyá tó máa ń ní kó má lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra mílíìkì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ sí ẹnu ọ̀nà wa, mi ò sì rán an débẹ̀ rí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ pé kí òbí tó fi í sílẹ̀ lóun nìkan. NSPCC, àwọn tó ń rí sí ààbò ọmọdé níbẹ̀, kàn ń gbani nímọ̀ràn pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kì í sábà gbọ́n tó ẹni tí à ń dá fi sílé fún àkókò gígùn. Ìmọ̀ràn lásán nìyẹn, ṣùgbọ́n àlejò ìlú kì í dúró kó ka òfin tán kó tó bẹ̀rù. Kò sí ọmọ Yorùbá kan nítòsí wa tí kò ní ìtàn ẹnì kan tí àwọn sóṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, wá kan ilẹ̀kùn mọ́. Nítorí náà ọwọ́ mi ni mo fi ń di ọwọ́ ọmọ mi mú dé gbogbo ibi.

Òkè Àró ní Àkúrẹ́ ni èmi dàgbà sí. Mi ò tíì pé ọdún méje tí wọ́n ti ń rán mi: lọ ra ata, gbé ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ, sáré lọ sọ fún màmá lágbájá pé màmá mi ní kí wọ́n bá òun mú owó àjọ wá. Ní pámárì, ìwé ìtàn kan la máa ń fi ọmọ mẹ́rin kà, a ó kórí jọ bí ẹni tó fẹ́ jẹun nínú abọ́ kan. Chike, ọmọkùnrin inú ìwé tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1966, ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo ohun tó ń wá ò ju kó sọdá odò Ọya láti Onitsha lọ sí Asaba. Ohun kékeré, tó tóbi tó ayé lójú ọmọdé. Mi ò ní purọ́ pé òyìnbó nìkan ló ń sọ ọmọ inú ìtàn di aláìníyàá o. Kúyẹ̀, tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní 1964, ọmọ òrukàn ni, adití ni, odi sì ni. Tiwa náà mọ ọ̀nà yẹn.

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, a lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bàálù la wọ̀ láti Èkó dé Àkúrẹ́, nítorí mi ò lè fi ọmọ gba ojú ọ̀nà náà ní àsìkò tí a wà yìí. Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan dání. Mo ti pinnu pé màá fúnra mi kọ ìtàn ọmọkùnrin kan tó ní ìyá, tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, tó wà nílé, tí nǹkan á sì tún ṣẹlẹ̀. Kọ́lá ni mo sọ ọmọ náà. Títí a fi balẹ̀, orúkọ nìkan ló wà nínú ìwé.

Ọjọ́ kẹta tí a dé, màmá mi jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó pe ọmọ mi: "Ọkọ mi, wá." Ó fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí i lọ́wọ́, ó sì ká ìka rẹ̀ dé lórí owó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "O rántí ìyá oní-gaàrí tá a kí lánàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì? Lọ bá wọn. Kí wọ́n wọn kóńgò kan fún ẹ, funfun o, kì í ṣe oní-epo. Sọ fún wọn pé ìyá àgbà ní kí wọ́n fi èènì sí i dáadáa. Kó o gba ṣéńjì. Kó o sì kí gbogbo èèyàn."

Mo ti dìde. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé e."

Màmá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ẹ̀wà. "Nígbà tí mo ń rán ìwọ, ta ló ń tẹ̀ lé ọ?"

"Màmá, ayé ìgbà yẹn kọ́ nìyí."

"Jókòó."

Mo jókòó. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ń san owó ilé fúnra mi nílùú òyìnbó, mo sì jókòó.

Ibi tí a rán an, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ogójì ìṣẹ́jú ló lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ẹnu géètì, tí mo ṣe bí ẹni tó ń wo bóyá aṣọ ti gbẹ lórí okùn. Nígbà tó yọ, eruku pupa ti bo gbogbo àyà aṣọ rẹ̀, nítorí wọ́n ní kó kí gbogbo èèyàn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ga jù ú lọ. Láílọ́ọ̀nù ńlá wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọwọ́ òsì, láílọ́ọ̀nù dúdú kékeré kan tí wọ́n so lórí. Ó ju ti ńlá sílẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì na kékeré náà sí màmá mi.

"Ìyá àgbà, èènì nìyí."

Ṣé ẹ rí i, nígbà tí obìnrin yẹn wọn gaàrí tán, tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e bí wọ́n ti ń ṣe, ọmọ mi ṣì dúró. Ó ní wọn ò tíì fún òun ní èènì. Obìnrin náà ní òun ti fi sí i. Ó ní rárá, gaàrí nìyẹn, èènì ni ìyá àgbà ní kí òun gbà. Ó rò pé ọjà mìíràn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi pe aláta tó wà ní òdìkejì pé kó wá gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò lójú mọ́, ìyá oní-gaàrí mú láílọ́ọ̀nù tuntun, ó bu èènì sí i lọ́tọ̀, ó so ó, ó ní kó gbé e fún ìyá àgbà pẹ̀lú ìkíni.

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó ní, "Ṣéńjì ńkọ́?"

Ọmọ mi dákẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Kí n tó lanu, ó ti sá jáde ní géètì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Lálẹ́ ọjọ́ náà kò sùn bọ̀rọ̀. Ó rò fún mi bí ọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ṣe dá a dúró, tó ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó dárúkọ ara rẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó dárúkọ mi, wọn ò mọ̀ mí. Orúkọ tí mo ń jẹ́ ní Manchester ló dá fún wọn. Ó ní ọmọ ìyá àgbà ni òun, wọ́n ní ìyá àgbà wo? Ó wá nawọ́ sí géètì wa, ni ìyá àgbàlagbà kan bá pariwo pé áà, ọmọ ọmọ Tíṣà ni, ẹ wo iwájú orí rẹ̀! Bàbá mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti kú. Ọmọ mi ò bá a láyé. Wọ́n fún un ní bisikíìtì, wọ́n bi í pé ìgbà wo la dé, ṣé mo ti sanra. Ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ láti bí ọdún méjì pé kó bá mi sọ Yorùbá tó gùn ju "ẹ káàárọ̀" lọ!

Lẹ́yìn tó sùn ni màmá mi tó jẹ́wọ́ fún mi. Kí ọmọ mi tó dé ẹnu géètì ni wọ́n ti rán ọmọ aládùúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé kó máa tẹ̀ lé e lókèèrè, kó má jẹ̀ẹ́ kó rí òun. "Àbí o rò pé orí mi ti dàrú ni?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Iṣẹ́ ọ̀hún kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Ìgbà yẹn ni mo rí ibi tí Kọ́lá ti máa gbà. Nínú ìwé tí à ń kà lọ́hùn-ún, ìgbà tí ojú àgbà bá kúrò lára ọmọ ni ìtàn ń bẹ̀rẹ̀. Ní Òkè Àró, ojú ò kúrò lára ọmọ rárá, ojú náà gan-an ni ìtàn. A fi owó sí i lọ́wọ́, a fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ó sì gbọ́dọ̀ gbé méjèèjì dé ibi tí a rán an láàárín gbogbo èèyàn tó mọ bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò ní láti kú. Òun ló rán an.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ìlú Oǹdó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe wá lálejò pẹ̀lú asun, ata rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rán ọmọ mi padà sí Manchester. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń kọ, Bàbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé mo rò pé ohun tuntun ni mo rí? Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Fágúnwà, kò jìnnà síbi tí a jókòó sí. Ta ló ní kí Àkàrà-oògùn kó àwọn ọdẹ lẹ́yìn lọ sí Òkè Lángbòdó, nínú ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938? Ṣebí ọba ló rán an! Wọ́n tún ní ìlú Oǹdó yìí náà ni wọ́n bí Mabel Segun sí ní 1930, obìnrin tó dá ẹgbẹ́ ìwé ọmọdé sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1978, kí n yé ṣe bí ẹni pé èmi ni mo kọ́kọ́ ronú nípa ọmọdé. Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà nínú ọkàn mi, mo mu omi.

Orí mẹ́rin ni mo kọ kó tó di pé a padà. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo kà á sókè fún àwọn méjèèjì, ọmọ mi àti ọmọ aládùúgbò tó ṣe ọlọ́pàá rẹ̀ lọ́jọ́sí. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́, ọmọ mi sì ti ń pe ilé ní "ulé" bíi tirẹ̀. Mo rò pé wọ́n á yìn mí. Ọmọ aládùúgbò gbọ́ orí méjì, ó ní, "Àǹtí, Kọ́lá yìí kì í gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Mo ní wọ́n rán an níṣẹ́ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n bó bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbá a ńkọ́?" Ó rò ó síwájú. "Kò sì jẹ nínú gaàrí yẹn rárá."

Ó mú mi. Kò sí ọmọ tó gbé gaàrí délé rí tí kò kọ́kọ́ fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀ sẹ́nu lọ́nà, èmi gan-an máa ń ra súgà sí i. Ṣùgbọ́n Kọ́lá tèmi ń rìn bí díákónì. Àìsàn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń kọ fún ọmọkùnrin wa nìyí: bí kò bá jẹ́ áńgẹ́lì, á jẹ́ olè tí wọ́n máa mú kí ìwé tó tán kí òǹkàwé lè kọ́gbọ́n. Ọmọ tó jẹ gaàrí díẹ̀, tó ṣì jíṣẹ́ délé, kì í ráyè wọlé. Mo ya orí kejì dànù. Nínú èyí tí mo tún kọ, Kọ́lá gbé ṣéńjì sábẹ́ òkúta, ó gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó padà, òkúta wà ńbẹ̀, owó ti lọ. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ dé tí ọjọ́ bàálù fi pé.

A ti padà sí Manchester láti oṣù kẹsàn-án. Ní Sátidé tó kọjá, fóònù mi dún: ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti orí WhatsApp màmá mi. Màmá mi kọ́, ọmọ aládùúgbò ni. Ó kí mi, ó kí ọkọ mi, ó bi mí léèrè iṣẹ́, bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mú owó Kọ́lá?"

Ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu, ó sì fi Yorùbá rẹ̀ tó ń ta kókó sọ fún un pé òun mọ̀ ọ́n. Èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dárúkọ. Ìyá Kọ́lá wà lára wọn.