Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi mú Bàbá Akọ̀wé

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan la bá bébà náà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa. Ojú ìwé kan ni, fọ́tòkọ́pì tí yíǹkì rẹ̀ ti ń pòórá, kò sí orúkọ, kò sí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ní káńsù kan tí mi ò ní dárúkọ nígbà yẹn. Lẹ́tà náà tú gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú ìpàdé tí wọ́n tilẹ̀kùn ṣe: owó tí wọ́n gbé jáde fún kànga ẹ̀rọ ní abúlé mẹ́ta, àti bí wọ́n ṣe pín in láìgbẹ́ ihò kankan. Ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ nínú ilé, ìyẹn dá gbogbo wa lójú.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sẹ́ni tó tún ń sọ̀rọ̀ kànga mọ́. "Ta ló kọ ọ́?" ló kù lẹ́nu gbogbo èèyàn. Èmi ni mo dáhùn. Mo fi ìka lé ìlà kẹrin, níbi tí wọ́n ti kọ "ká má déènà pẹnu", mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá Akọ̀wé rèé." Kò sì sí ọjọ́ tí Bàbá Akọ̀wé kì í sọ ọ́ lóòótọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yìn mí pé ojú mi ríran.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n fún Bàbá Akọ̀wé ní lẹ́tà pé kí wọ́n lọ máa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kan létí odò, níbi tí mọ́tò kì í dé lójoojúmọ́. Ọdún méjì péré ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń to ìwé wọn sínú páálí bisikíìtì, tí wọ́n ń fi okùn dì í, tí wọ́n tú u, tí wọ́n tún un dì. Wọn ò wo ojú mi.

Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ máa kúrò lọ́kàn mi kó tó di ọdún 2018. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìwé ìròyìn New York Times ní Amẹ́ríkà gbé àpilẹ̀kọ ẹnì kan jáde láìdárúkọ rẹ̀. Ó ní inú ìjọba Donald Trump lòun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun àtàwọn kan ń dènà díẹ̀ nínú ohun tí ààrẹ fẹ́ ṣe. Kíá làwọn èèyàn ti rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n dì mú: "lodestar", ìràwọ̀ tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ̀nà. Mike Pence, igbákejì ààrẹ nígbà náà, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an nígbà tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó tán, Pence ni! Àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí ìlà kẹrin ni mo tún ń rí.

Kì í ṣe Pence. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Miles Taylor jáde pé òun ni, ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ fún mínísítà ààbò abẹ́lé wọn. Lóṣù méjì péré ṣáájú ìyẹn, wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá òun ni, ó sẹ́. Kó tó jẹ́wọ́, àwọn kan ti gbé e ka Victoria Coates lórí, obìnrin tó wà lára àwọn olùdámọ̀ràn lórí ààbò. Obìnrin náà sẹ́, òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó kọ ọ́ sẹ́, ẹni tí kò kọ ọ́ náà sẹ́, ohùn kan náà lẹ gbọ́. Kí lẹ wá fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?

Ẹni tí wọ́n pè ní Deep Throat, tó ń tú àṣírí fún oníròyìn nígbà ọ̀rọ̀ Watergate, ìwà ìbàjẹ́ tó lé Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà kúrò lórí oyè, tún pẹ́ jù ú lọ kó tó hàn. Láti ọdún 1972 tí Bob Woodward, oníròyìn Washington Post, ti ń lọ bá a lóru níbi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ kan ní Rosslyn, títí di 2005, orí ìméfò ni gbogbo ayé wà. Wọ́n dárúkọ Alexander Haig, wọ́n dárúkọ Henry Kissinger, àwọn èèkàn nínú ìjọba Nixon. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn kan ní Illinois ṣèwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní Fred Fielding, agbẹjọ́rò kan nínú ìjọba náà, ni lọ́dún 2003. Àṣé Mark Felt ni, igbákejì olórí FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, nígbà náà, tó ti pé ọmọ ọdún 91 nígbà tó jẹ́wọ́, tó sì ti sẹ́ nínú ìwé ara rẹ̀ ní 1979. Ẹ sì wo èyí: nínú oṣù Kẹwàá 1972 ni Haldeman, olórí òṣìṣẹ́ Nixon, ti dárúkọ Felt fún un, kò sì ṣì í. Haldeman ò wo irú ọ̀rọ̀ tí Felt ń sọ. Ẹni tó mọ̀ ló sọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo gírámà àti àmì ìdánudúró kẹ́ ẹ tó dárúkọ ọmọlọ́mọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ro ti ìyẹn.

Woodward àti Bernstein tí wọ́n jọ ń kọ ìròyìn náà kì í kàn gbé ọ̀rọ̀ Felt sáyé bó ṣe rí. Wọ́n á lọ bi ẹlòmíì, wọ́n á wá ìwé owó, wọ́n á kanlẹ̀kùn òṣìṣẹ́ lálẹ́. Iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe sí lẹ́tà tiwa nìyẹn. Kì í ju ká gun ọ̀kadà dé abúlé mẹ́ta lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò lọ. Iṣẹ́ ẹni tó jẹ owó ni mo bá a ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́, tayọ̀tayọ̀.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí a rí lẹ́tà tiwa ni mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Ibi òkú ẹnì kan lèmi àti màmá tó máa ń gbé tíì wọlé fún wọn nígbà ìpàdé ti pàdé. Wọ́n fà mí sẹ́yìn àga, wọ́n ní àwọn làwọn sọ ọ́, ọmọ àwọn tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ìlà tí wọ́n ti ní 'ká má déènà pẹnu' ńkọ́, mà?" Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ìwọ náà kì í sọ ọ́ ni? Gbogbo wa la kó o lẹ́nu Bàbá Akọ̀wé." Mo rò ó, òótọ́ ni, èmi náà ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ka ẹni tó ń gbé tíì mọ́ àwọn tó wà nínú ìpàdé yẹn.

Mo wá ilé Bàbá Akọ̀wé lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, mo ní mo ti mọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n má tíì dárúkọ rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Àwọn kànga yẹn, ṣé wọ́n padà gbẹ́ wọn?"

Mo ní, "Rárá, sà. Wọn ò tíì gbẹ́ ọ̀kankan."