Yìnyín Há Wa Mọ́, Ọlọ́run Yọ Wá

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ gbọ́ fìrí pé nǹkan ṣe wá ní Grínlándì, òótọ́ lẹ gbọ́. Èmi Ìyá Káyọ̀dé wà láàyè, ara mi pé, mo sì wá dúpẹ́ ní gbangba.

Láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé ní Iléṣà, tí tíṣà jọ́gíráfì fi àwòrán òkè yìnyín hàn wá, ni mo ti ń sọ pé n ó fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí mo pé ẹni ọgọ́ta ọdún, tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds, àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n ní kí èmi àti bàbá wọn máa lọ. Íslándì la ti wọkọ̀, a lo ọjọ́ méjì lórí òkun kí a tó dé Scoresby Sund. Apá òkun ni, ó ya wọ àárín òkè, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fíọ́ọ̀dù. Láti ẹnu rẹ̀ dé ìparí tó nǹkan bí 350 kìlómítà, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì lé ní 1,400 mítà sísàlẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Ittoqqortoormiit, tí àwọn ará Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ Grínlándì, tẹ̀dó sí ní 1925. Èèyàn ibẹ̀ kò tó 400. Téèyàn bá ti kọjá ìlú yẹn, òkè, omi àti Ọlọ́run ló kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, àwa èrò mẹ́sàn-án àti amọ̀nà kan bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà, a lọ wo àwọn òkè yìnyín tó gúnlẹ̀ sítòsí Rødeø, erékùṣù tí òkúta rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ilé wa gan-an. Bàbá Káyọ̀dé dúró sínú ọkọ̀ ńlá torí orúnkún rẹ̀. Amọ̀nà wa, ọmọkùnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, kò sún mọ́ yìnyín. Ó ní èyí tí à ń rí kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ìyókù wà lábẹ́ omi, ìgbàkigbà ló sì lè yí. Àwọn kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sún mọ́ ọn nítorí fọ́tò. Ó kọ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ fún kíkọ̀ yẹn! Àfi gbàù, bí ààrá! Òkè yìnyín tó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ là sí méjì, ó sì yí. Ìgbì dìde. Ọmọ yẹn dojú ọkọ̀ kọ ọ́ tààrà. Ìgbì gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀, ọkọ̀ kò dojú dé.

Nígbà tí omi máa rọlẹ̀, àfọ́kù yìnyín ti yí wa ká pinpin. Ẹ́ńjìnnì gbá yìnyín, ó kú. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, a kò rí ọkọ̀ ńlá mọ́. Ọmọ náà pè wọ́n lórí rédíò ọwọ́, wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ wọlé wá.

Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ la fi wà níbẹ̀. Yìnyín yẹn ń ta pẹ́pẹ́pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Atẹ́gùn àtayébáyé tó há sínú rẹ̀ ló ń jáde. Títí di òní, mi ò lè dín àkàrà kí n má rántí ìró yẹn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, amọ̀nà wa ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń jẹ́ ẹ. Ìyá àgbà kan láti Scotland jókòó tì mí, ó ti ń gbọ̀n tipẹ́. Ìgbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́, ìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kò sì tètè dáhùn. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún 31 ṣe jí nínú mi: ẹni tí òtútù mú tí kò gbọ̀n mọ́, ọ̀ràn ti kúrò ní kékeré. Mo tú jákẹ́ẹ̀tì mi, mo fà á mọ́ àyà, mo ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abíyá mi. Ọwọ́ náà tutù bí ẹja inú fìríìsà. Oorun ń kun èmi náà, ni mo bá ń ki ara mi bí ìyá mi ṣe máa ń kì mí: Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ẹlẹ́ní atẹ́ẹ́ká. Mo ní, Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ omi tútù yìí ni yóò jẹ́ ibojì èmi ọmọ ìyá mi.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà. Yìnyín là díẹ̀, bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ ńlá, lẹ́yìn náà la rí iná ọkọ̀ rọ́bà méjì nínú kùrukùru. Bàbá Káyọ̀dé, tí orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó dúró pẹ́, kò jókòó láti ọ̀sán. Ó kàn ń pariwo, "Ìyá Káyọ̀dé! Ìyá Káyọ̀dé!" Mo jẹ́ ẹ.

Gbogbo wa, àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, la pé. Ìyá àgbà náà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìka rẹ̀ kan kò gé. Lọ́jọ́ tí a ó sọ̀ kalẹ̀, mo di mọ́ amọ̀nà wa, mo bi í ní orúkọ ìyá tó bí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ fún mi. Láràárọ̀ tí mo bá kúnlẹ̀, orúkọ obìnrin náà ni mo kọ́kọ́ ń dá níwájú Ọlọ́run.