Ẹ̀yin tọkọtaya tí ìpínlẹ̀ yín yàtọ̀, ẹ wo ìwé owó orí yín dáadáa

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ pín níyà bíi tèmi àti Bàbá Tọ́míwá, ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí. Chicago, ní Illinois, lòun wà, èmi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Jacksonville, ní Florida. Florida kì í gba owó orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni. Illinois ń gba 4.95 nínú ọgọ́rùn-ún, ì báà pọ̀, ì báà kéré.

Nígbà tí ẹni tó ń bá wa ṣèwé owó orí parí tọdún yìí, ọkọ mi kọjú fóònù sí kọ̀ǹpútà kí n lè rí i. Gbogbo owó tí mo gbà ní Florida pátá ló wà nínú fọ́ọ̀mù Illinois! Gbèsè ńlá ló já sí, torí kò sẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀ fún Illinois nínú owó oṣù mi látọdún tó kọjá. Ara mi ń gbọ̀n. Iṣẹ́ òru ni mo fi rí owó yẹn, tí ẹsẹ̀ á wú, tí ẹ̀yìn á máa ro mí, a sì ti yà á sọ́tọ̀ fún ìwé ọkọ̀ òfúrufú màámi. Ẹni tó ṣèwé náà ní, "Ara kan ṣáà ni yín, Mà." Mo sunkún. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé owó ni mo fẹ́ràn o, ẹni tó ṣiṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Àbúrò ọkọ mi tó mọ̀ nípa ìṣirò ló tún un ṣe kó tó di pé wọ́n fi ránṣẹ́, gbèsè náà sì pòórá.

Ẹ gbọ́ ọ: pé ẹ jọ ṣe ìwé owó orí ti ìjọba àpapọ̀ pọ̀ ò sọ ọ́ di dandan kẹ́ ẹ jọ ṣe ti Illinois. Bí ẹnì kan bá jẹ́ ará ibẹ̀ tí èkejì kì í ṣe ará ibẹ̀, òfin gbà kẹ́ ẹ yà á. Bẹ́ ẹ bá ṣe é pọ̀, ará Illinois ni wọ́n á ka ẹ̀yin méjèèjì sí. Lórí 60,000 dọ́là tí wọ́n gbà ní Florida, ó tó nǹkan bí 2,970 dọ́là! Àmọ́ ti ìpínlẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ yà. Ẹni tó bá ya ti ìjọba àpapọ̀, kò ní lè yọ èlé gbèsè ilé-ìwé rẹ̀ kúrò.

Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí: ìwé ìwakọ̀ Florida, ìwé ilé tẹ́ ẹ háyà. Ẹni tó kàn lọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, tó sì máa padà sí Chicago, ará Illinois ṣì ni.