Ludwigsburg àti Montbéliard: ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọn ò jọra

Mo gbé ní Ludwigsburg ní Jámánì fún ọdún díẹ̀ kí iṣẹ́ tó gbé mi lọ sí Montbéliard ní Faransé. Ìlú méjèèjì yìí ló kọ́kọ́ bá ara wọn dọ́rẹ̀ẹ́ nínú gbogbo ìlú Jámánì àti Faransé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1950, ìyẹn ni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn pé àwọn ará ìlú méjèèjì á máa bẹ ara wọn wò. Nígbà tí mo ń kó lọ, àwọn aládùúgbò mi fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tó máa ṣàjèjì sí mi níbẹ̀, ìlú ọ̀rẹ́ wọn ni. Ohun gbogbo ló ṣàjèjì.

Ẹ gbọ́ ti àtẹ̀gùn ilé ná. Ní Ludwigsburg, àwọn ayálégbé fúnra wọn ló ń gbá a, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kan. Kehrwoche ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti kàn yín, wọ́n á fi pátákó kékeré kan kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn yín, ẹ ò sì lè sọ pé ẹ ò rí i. Mo gbá a tán lọ́jọ́ kan, màmá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ yọjú wo kọ̀rọ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn mú ìgbálẹ̀ tiẹ̀ jáde. Ní Montbéliard níbi tí mo wà, owó ìtọ́jú ilé la jọ ń dá, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló ń wá gbálẹ̀. Èyí tù mí lára gan-an. Àmọ́ ní Ludwigsburg, ọpẹ́lọpẹ́ ìgbálẹ̀, kò pẹ́ tí mo fi mọ orúkọ gbogbo ará ilé. Ní Montbéliard, ó pẹ́ gan-an.

Ọjọ́ Àìkú ní Jámánì, ṣọ́ọ̀bù tì pa. Ẹ ò gbọdọ̀ lu ògiri, ẹ ò tilẹ̀ gbọdọ̀ da ìgò sínú àpótí ìgò tó wà ládùúgbò, ariwo rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Ní Faransé, àwọn ènìyàn ti tò síwájú ilé búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má tètè yọ̀: lọ́jọ́ iṣẹ́, bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á tilẹ̀kùn lọ jẹun títí di aago méjì. Ti ìwé náà tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá kó ilé ní Jámánì gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Faransé, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ wá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà, wọ́n á béèrè bíìlì iná láti fi mọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé.

Inú ilé ni àwọn ará ìlú méjèèjì ti kọ́ ìyàtọ̀ wọ̀nyí lára ara wọn. Bí àwùjọ kan bá wá kí èkejì, ìdílé ló sábà máa ń gbà wọ́n sílé, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi pé nígbà tóun lọ sí Ludwigsburg ní kékeré, wọ́n gbé búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ẹran sísè tó ti tutù wá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó rọra jẹ díẹ̀, ó ń dúró de oúnjẹ gbígbóná. Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ti gbé síwájú rẹ̀ yẹn! Ebi ló gbé e sùn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹbí ni ìlú méjèèjì tẹ́lẹ̀, torí ìdílé Württemberg, ìdílé ọba tó ni Ludwigsburg, ló ni Montbéliard fún nǹkan bí 400 ọdún, títí di 1793. Èmi ò gbà. Ẹbí mélòó ni kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀? Lucien Tharradin, tó jẹ́ méyọ̀ Montbéliard nígbà tí ìlú méjèèjì dọ́rẹ̀ẹ́, bá àwọn ará Jámánì jà nígbà tí wọ́n gba Faransé, wọ́n sì kó o lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Buchenwald. Òun ló tún na ọwọ́ sí ìlú kan ní Jámánì, nígbà tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ tó jáde níbẹ̀. Àwọn ìjọba ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ní September 1962, De Gaulle, ààrẹ Faransé nígbà náà, wá sí Ludwigsburg, ó fi èdè Jámánì bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Ní January 1963, òun àti Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, fọwọ́ sí àdéhùn Élysée, àdéhùn ọ̀rẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Lónìí, ìlú Jámánì àti Faransé tó ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ní 2,000.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn olórí ewú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣì ń ṣètò ìbẹ̀wò wọ̀nyí. Àwọn ọ̀dọ́ ní Erasmus, ètò ilẹ̀ Yúróòpù tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n lè lọ sílùú tó bá wù wọ́n, kò pọn dandan kí ìlú kan rán wọn. Ó dára fún wọn. Àmọ́ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, láàárín akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn. Ọmọdé tí ebi gbé sùn yẹn ṣì ń bá ilé tó gbà á lálejò sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn ọmọ tiẹ̀ náà sì ti lọ sùn níbẹ̀ rí.