Ọmọ Baní tí àṣíborí kì í dúró lórí ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n tú u síta, torí ó ti ń jẹ mí lára láti Sátidé. A lọ ṣe ìkómọ kan ní Columbus, èmi sì mọ̀ọ́mọ̀ wọ jẹ́sì Guardians mi, tíìmù bésíbọ́ọ̀lù Cleveland, sábẹ́ agbádá dípò bùbá, ìyàwó mi pariwo títí, mo ní ta ló máa rí i. Ijó wá gbóná, onílù ń fi oríṣiríṣi orúkọ kì mí, mo bọ́ agbádá sílẹ̀, ni nọ́ńbà 11 bá yọ gàdàgbà lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n wá láti New York wò mí títí, wọ́n ní "Ramírez? Ṣé Manny yẹn ni, èyí tó wà ní Boston nígbà kan?"

Manny kẹ̀! Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, Manny ti fi wá sílẹ̀ láti ọdún 2000, Boston gbé 160 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ fún ọdún 8, ó sì bá tiẹ̀ lọ, a ò bínú (irọ́ ni, a ṣì ń bínú). José Ramírez lèyí tó wà lẹ́yìn mi yìí, èyí tí kò lọ. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní òun ti ń wo bésíbọ́ọ̀lù láti ogún ọdún o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé ni àmàlà dé, ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, òun ni mo wá ń kọ lóru báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tó jẹ́ Arsenal àti Chelsea nìkan lẹ mọ̀, ẹ má sá, kò le tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà nígbà tí mo dé Cleveland, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lójú tèmi, àwọn géńdé kan kàn dúró káàkiri pápá, wọ́n ń fi eyín bó èso sunflower bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń tu èèpo ẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn á tún dúró. Mo ní ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó fún nìyí. Àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, ó lè sáré ju máìlì 95 ní wákàtí kan, ẹnìkejì á dúró tòun ti igi, kó gbá a. Tó bá gbá a kọjá ọgbà bọ́ sáàárín èrò, home run nìyẹn, á wá rọra sáré yí bésì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (àwọn ibi tí wọ́n sàmì sí nílẹ̀) ká bí ọkọ ìyàwó, kò sẹ́ni tó máa dí i lọ́nà. Tí kò bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, á sáré dúró sórí bésì kan, látibẹ̀ ó lè jí èyí tó kàn, ìyẹn ni pé kó fi eré sí i nígbà tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá gbójú kúrò lára ẹ̀, kó tó mọ̀, jàgùdà ti dé bésì kejì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó lágbára home run kì í sábà mọ eré sá, àwọn yẹn ga bí òpó iná, àbí kí wọ́n sanra. Ẹni tó sì ń jí bésì kiri, bọ́ọ̀lù ẹ̀ kì í jìnnà. José ń ṣe méjèèjì. Ó kúrú, gíga ẹ̀ ò sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 rárá, ó fẹ̀ nísàlẹ̀ bí odó, tẹ́ ẹ bá rí i lójú ọ̀nà ẹ lè rò pé ó wá tún ẹ̀rọ omi gbígbóná ṣe ni. Ọmọ Baní ni, ní Dominican Republic, ìlú táwọn èèyàn mọ̀ mọ́ máńgòrò. Ní 2009, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, Cleveland fi 50,000 dọ́là péré gbà á. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ń gba mílíọ̀nù nígbà yẹn o. Nínú owó tí wọ́n ń ná, ìyẹn ò ju ẹ̀ẹ̀nì tí ìyá ọlọ́ja ń bù lé gàrí lọ.

Ẹ̀ẹ̀nì yẹn ló wá gbá home run 39 ní 2018, tó tún jí bésì 34. Ní 2024 ó tún gbá 39, ó jí 41. Ní 2025 ó gbá 30, ó jí 44. Ọwọ́ òsì àtọ̀tún ló fi ń gbá a, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ló máa pinnu èyí tó máa lò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ni pé, ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá fi igi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti kú nìyẹn, kó lọ jókòó. Àwọn tó ń gbá home run tó báyìí, ìgbà 150 nírú ẹ̀ máa ń ṣe wọ́n lọ́dún, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti José ò tíì pé 100 rí láyé ẹ̀. Ọdún kan ṣoṣo báyìí, kò tíì sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Baba òyìnbó kan wà ní yàrá tó gbẹ̀yìn, wọ́n ti lé ní 75, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pe baba yìí lórúkọ bí ẹgbẹ́ wọn, èmi ò lè ṣe é, ẹnu mi ń wúwo, mo ní Papa ni n ó máa pè wọ́n, inú wọn sì dùn sí i. Wọ́n ní rédíò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, plásítà ni wọ́n fi lẹ ìdérí bátìrì ẹ̀ mọ́ ọn. Tí Tom Hamilton bá ti ń sọ eré lọ (òun ló ń sọ ọ́ fún wa láti 1990), ìwọ àti oògùn ẹ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tí apá kan á fi parí. Mo dúró títí, èmi náà bá jókòó.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé èmi á gbé eré náà sórí fóònù, n ó pa ohùn ẹ̀, àmọ́ fóònù máa ń rìn lẹ́yìn rédíò, nígbà míì ó tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Papa tí ò ríran ló wá máa ń kọ́kọ́ rí i. Hamilton á ké lórí rédíò, Papa á rẹ́rìn-ín, wọ́n á na ìka sọ́wọ́ mi, "dúró ná, ó ń bọ̀," èmi á tẹjú mọ́ fóònù, José ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò níbẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó máa jù ú, mo ti mọ̀ pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀, àyà mi sì tún ń já síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ ẹ̀ wá rí i, gbàà! Bọ́ọ̀lù á fò lọ sí ìgun ọ̀tún, José á bẹ́ sí eré, á gba ẹ̀gbẹ́ bésì kìíní bí ẹni tí ajá ń lé, ibi tó bá ti ń yà sí ìkejì báyìí, àṣíborí á fò kúrò lórí ẹ̀, á máa yí gbirigbiri lórí yẹ̀pẹ̀. Kò ní wẹ̀yìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí Papa nílò ojú mi fún nìyẹn: "Fìlà ńkọ́, ṣé ó ti jábọ́?" Mo ní ó ti jábọ́, Papa. Wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á na ọwọ́ gba oògùn.

Gbogbo Cleveland ló mọ àṣíborí yìí. Àwọn ọmọdé á na ọwọ́ sí i, àgbà á pariwo, ó ti di tiwa. Ẹ lọ sí ìlú míì, wọn ò mọ nǹkan kan níbẹ̀.

Kí ló fà á tí wọn ò fi mọ̀ ọ́n? Àkọ́kọ́, Cleveland kì í ṣe New York, kò sẹ́ni tó ń gbé kámẹ́rà wá bá wa. Èkejì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Spanish ló sì máa ń fi sọ èyí tó bá sọ, ògbufọ̀ á wá máa túmọ̀ ẹ̀. Èmi ò lè dá a lẹ́bi, mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ní ọ̀rọ̀ dídùn nínú kó wá máa wá èyí tó máa fi sọ ọ́ fún òyìnbó, tó bá fi máa rí i, wọ́n ti kọjá ibẹ̀. Kò gba àmì ẹ̀yẹ MVP rí, ìyẹn ti ẹni tó dáa jù lọ́dún, ó ṣe ìkejì ní 2020, ó ṣe ìkẹta ní 2017 àti 2018. Tí òun bá ti fẹ́ tàn, oòrùn míì á yọ. Ẹ wo 2024 yẹn, oṣù kẹsàn-án, José ń lọ sí home run 40 àti bésì 40, nǹkan tí àwọn tó ti ṣe é ò kún ọwọ́ méjì, àfi bí Ohtani, ìràwọ̀ ọmọ Japan yẹn, ṣe lọ gbá 50 tó tún jí 50 ní Miami, ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣe é láyé. Ta ló máa wá yíjú sí Cleveland? (Ẹ má ṣì mí gbọ́, mo fẹ́ràn Ohtani. Àmọ́ há à.)

Èyí tó wá pa á pọ̀ fún mi ni ti owó. Ẹni tí kò bá gbé Cleveland ò lè mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Àwọn ìràwọ̀ wa kì í dúró: Belle lọ ní 1996, Manny lọ ní 2000, Thome lọ ní 2002, wọ́n ta Sabathia ní 2008, wọ́n ta Cliff Lee ní 2009. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí bọ́ọ̀lù ilé wa ṣe ń rí, pé ọmọ tó bá ti mọ ọ́n gbá kì í pẹ́ nílùú, ó máa yé yín. Ní 2021 wọ́n ní Lindor náà ń lọ sí Mets ní New York, àwọn yẹn sì fún un ní 341 mílíọ̀nù fún ọdún 10. Gbogbo wa ti gbà pé José ló kàn. Papa ní kí n má tíì ra jẹ́sì ẹ̀ o, owó mi máa ṣòfò.

Oṣù kẹrin 2022, José fọwọ́ sí ìwé, ọdún 7, 141 mílíọ̀nù. Ẹ má fi náírà wò ó, mo mọ̀ pé ẹ ti ń pariwo, owó ńlá ni, àmọ́ nínú ọjà tiwọn, ó ń bọ̀ wá dáa ló gbà yẹn. Ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ ta òun fún ẹnikẹ́ni. Òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ o! Ọjọ́ kejì ni mo ra jẹ́sì yìí.

Ó tún ku ti ìjà, n ò lè fò ó. Oṣù kẹjọ 2023, nílé wa ní Cleveland, Tim Anderson ti White Sox Chicago ká ẹ̀ṣẹ́ dúró níwájú José lórí bésì kejì bí abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò, José ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún kan, ọkùnrin náà fìdí jókòó. Hamilton figbe ta lórí rédíò, "Down goes Anderson!" Ìjà ò dáa, wọ́n sì fún un ní ìyà tó tọ́ sí i. Papa ní kí n tún fi hàn àwọn lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn tí ojú wọn ò ríran.

Òjò ni ọ̀tá wa. Papa jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1948 tí Cleveland gba ife ẹ̀yẹ kẹ́yìn. Ní 2016 a dé eré ìkeje nínú àṣekágbá, eré tó máa pinnu ẹ̀, José wà lórí pápá, a bá Cubs ti Chicago dọ́gba ní 6 sí 6, ni òjò bá dé, wọ́n dá eré dúró fún ìṣẹ́jú 17, ìgbà tí wọ́n padà wọlé, Cubs nà wá 8 sí 7. Papa ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì. Ní 2024 wá, ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà, José ti ní home run 39, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, eré kan ṣoṣo ló sì kù, àwa àti Houston. Òjò. Wọ́n fagi lé e pátápátá, torí kò ní yí ipò ẹnikẹ́ni padà. Hamilton ń ṣàlàyé lórí rédíò, Papa na ọwọ́ pa á. Wọ́n ní "2018 náà, 39 ni, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n gbé oògùn wá.

Papa lọ nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, wọn ò rí ti 2025, tí Detroit fi eré 15 àti ààbọ̀ ṣáájú wa tá a sì lé wọn bá tá a tún gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn, kò sí tíìmù tó ṣe irú ẹ̀ rí. Detroit náà ló lé wa jáde lẹ́yìn ẹ̀ ṣá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ṣì máa ń tan rédíò kó máa ṣáájú fóònù.

Mo fi fídíò kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n New York yẹn lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí, José ń sáré yà bésì kejì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi lóhùn báyìí, voice note ni, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ nǹkan lẹ́nu: "Àbúrò, ọkùnrin yìí dáa o. Àmọ́ kí ló dé tí àwọn ará Cleveland ò lè ra àṣíborí tó máa bá a lórí mu?"